Ibi Tí Dosu Ń Gbé Kẹ̀kẹ́ Rẹ̀ Sí

Ọmọ apẹja ni Dosu Sewanu, Ajido ni wọ́n bí i sí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ló fi lọ sógun Bọ́mà, ibẹ̀ náà ni àdó olóró sì ti gé wọn lókè orúnkún. Níbi tó ti ń gba ìtọ́jú ní Íńdíà ló ti kọ́ bí a ṣe ń tún láńtánì àti sítóòfù ṣe. Nígbà tó padà dé, tí ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún, ó ní, “Ìyá, ẹ má sunkún mọ́. Ọwọ́ mi kò kú.”

Ó gba yàrá kan nítòsí ọjà Àgbádárìgì, ó sì ṣí ìsọ̀ tó ti ń tún láńtánì ṣe sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu ọ̀nà ọjà náà. Lọ́dún 1948, kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, irú èyí tí a ń fi ọwọ́ yí irin iwájú rẹ̀ kó tó rìn. Ìjọba ló san èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀ nítorí ọgbẹ́ ogun, Dosu san ìyókù.

Iyanrìn ni gbogbo ọjà náà, àfi ẹnu ọ̀nà níbi tí wọ́n ti da ilẹ̀ pupa sí tí wọ́n sì lù ú le. Igi ńlá kan ṣíji bo ibẹ̀. Ìyálọ́jà fi òkúta funfun méjì sàmì sí i, ó ní, “Ibí yìí ni kí Dosu máa gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sí.”

Inú Fàúsátù ẹlẹ́ja yíyan kò dùn sí i, nítorí abẹ́ igi yẹn ló máa ń kó apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sí tẹ́lẹ̀. Ó ní, “Èmi tí mò ń ru ẹrù láti etí ọ̀sà, ta ló ra kẹ̀kẹ́ fún mi? Ìjọba fún un ní kẹ̀kẹ́, ọjà tún fún un ní ibòji. Ó kù kí wọ́n fún un níyàwó!”

Babátúnjí, alárùú kan nínú ọjà, dá sí i pẹ̀lú: “Ẹni tó ń jókòó látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ni wọ́n tún fún ní ìjókòó.”

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Dosu gbọ́ ọ, ó tẹjú mọ́ láńtánì tó ń tún ṣe lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ ọjà kan, ó dé, ó bá apẹ̀rẹ̀ ẹja láàárín òkúta méjèèjì.

“Ẹ káàárọ̀, ìyá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sún apẹ̀rẹ̀ yìí díẹ̀.”

Fàúsátù kò tilẹ̀ wojú rẹ̀. “Ọjà fẹ̀. Wá ibòmíràn.”

Dosu yí kẹ̀kẹ́ sínú iyanrìn. Kò tíì lọ jìnnà tí taya iwájú fi rì, tí kẹ̀kẹ́ sì dà á sílẹ̀. Gíláàsì láńtánì oníbàárà fọ́ yángá. Ó fi ọwọ́ méjèèjì wọ́ ara rẹ̀ dé ìsọ̀ rẹ̀ lójú gbogbo ọjà. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà.

Ìyálọ́jà pe ìpàdé. Ó bi Dosu pé irú ìtanràn wo ló fẹ́ kí Fàúsátù san.

“Ìyá, mi ò fẹ́ ìtanràn. Kí ẹnì kan tó lágbára wa kẹ̀kẹ́ yìí láti inú iyanrìn dé ẹnu ọ̀nà, ó tó mi.”

Babátúnjí fi ẹ̀rín bọ́ síwájú, ó gun kẹ̀kẹ́.

“Ẹ ká ẹsẹ̀ yín sókè o, ẹ̀gbọ́n,” Dosu sọ fún un. “Ẹ dárí jì mí. Èmi ò ní èyí tí mo lè fi ti ilẹ̀.”

Babátúnjí ká ẹsẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí yí irin. Apá tó ń gbé àpò iyọ̀ yí i títí, taya kàn ń gbẹ́ kòtò ni. Òógùn bò ó. Ó na ẹsẹ̀ kan sílẹ̀, gbogbo ọjà sì pariwo, “Ẹsẹ̀!” Ó yára ká a padà. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀rín kú lẹ́nu àwọn èèyàn. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, ó nu ojú rẹ̀.

“Ẹ̀yin ará, iṣẹ́ ni èyí o. Mo rò pé ìgbádùn ni.”

Fàúsátù dìde. “Dosu, mo rò pé wọ́n gbé ọ ga jù wá lọ ni.”

“Mo mọ̀ pé ẹ̀yin náà ń fẹ́ ibòji, ìyá. Ká ní iyanrìn yìí le ni, ibikíbi ni ǹ bá máa gbé e sí.”

“Ṣé kò ṣeé mú le ni?”

Ìbéèrè yẹn ló dá iṣẹ́ sílẹ̀. Wọ́n kó èèpo àgbọn wá láti Gbaji, wọ́n tẹ́ ẹ, wọ́n da ilẹ̀ pupa lé e, Babátúnjí sì lù ú títí ọ̀nà líle fi la ọjà já.

Ìròyìn ọ̀nà náà ló mú Jọkẹ́ jáde wá sọ́jà, òun náà fẹ́ máa fi kẹ̀kẹ́ rìn. Ará Ikoga ni, ẹní ló ń hun, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ láti kékeré. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ìlú ló ń gbé, ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n náà ló sì máa ń wà bó bá fẹ́ jáde. Dosu kọ lẹ́tà sí ìjọba nítorí rẹ̀. Èsì ní àwọn sójà nìkan ni kẹ̀kẹ́ ẹ̀dínwó wà fún.

Fàúsátù ló kọ́kọ́ gbaná jẹ. “Ṣé ogun nìkan ló ń gba ẹsẹ̀ èèyàn ni?”

Òun ló lọ bá Zinsu káfíńtà. Ọjà dáwó, Zinsu wo kẹ̀kẹ́ Dosu, ó fi taya básíkù àlòkù ṣe òmíràn fún Jọkẹ́. Àwọn kan ṣì kùn pé àṣejù ni, ṣùgbọ́n wọ́n dáwó náà.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí Jọkẹ́ wa ara rẹ̀ dé ọjà, ó ta ẹní rẹ̀ tán kí oòrùn tó kanrí. Nígbà tí wọ́n ní kó máa lọ sílé, ó ní ó tì o, etí ọ̀sà ni òun ń lọ ná, nítorí òun kò dé ibẹ̀ rí láìjẹ́ pé ẹnì kan gbé òun. Dosu ti ìsọ̀ rẹ̀, ó sì tẹ̀ lé e.