Lẹ́tà Ìyá Mọnsúrá sí Iléeṣẹ́ Rédíò Wa

Àárọ̀ Ọjọ́rú ni lẹ́tà náà dé orí tábìlì mi. Ojú ìwé tí wọ́n já nínú ìwé ọmọ iléèwé ni wọ́n kọ ọ́ sí, ọwọ́ ìkọ̀wé náà sì mọ́ tónítóní. Mo ti ṣe olóòtú ìròyìn fún ọ̀pọ̀ ọdún ní iléeṣẹ́ rédíò ìjọba kan tí kò jìnnà sí Òṣòdì, kí wọ́n tó gbé mi sídìí iṣẹ́ mìíràn: èmi ni mo ń dá àwọn ará ìlú tó bá fi òfin òmìnira ìròyìn béèrè ìwé lọ́wọ́ wa lóhùn. Òfin sọ pé ẹnikẹ́ni ló lè béèrè, kò sì pọn dandan kó sọ ìdí. Ọjọ́ méje péré la ní láti fèsì. Kí n má purọ́, akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ ká bá òun ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá ló pọ̀ jù nínú wọn.

Èyí yàtọ̀. Obìnrin kan ní Ìsọlọ̀, Ìyá Mọnsúrá, ló kọ ọ́. Ó fẹ́ ka ìtọ́sọ́nà tí àwọn olóòtú wa ń tẹ̀ lé kí wọ́n tó fẹ̀sùn kan èèyàn lórí afẹ́fẹ́. Ọkọ rẹ̀, Múfútáù, ló kú nínú iná tó jó iléeṣẹ́ kan tó ń ṣe ike ní Ìsọlọ̀. Rédíò wa sì sọ pé sìgá tó ń mu nídìí ẹ̀rọ ló fa iná náà.

"Ọkọ mi kò mu sìgá rí," bẹ́ẹ̀ ló kọ ọ́. "Adánásunlé ni wọ́n ń pe bàbá ọmọ mi ní iléèwé."

Èmi ni mo fọwọ́ sí ìròyìn náà nígbà tí mo ṣì jẹ́ olóòtú. Agbẹnusọ iléeṣẹ́ ike ọ̀hún ló pè wá lórí fóònù, ìròyìn agogo mẹ́rin ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo kọ ohun tó sọ sílẹ̀, mo sì gbé e fún ẹni tó fẹ́ kà á. N kò pe ẹlòmíràn.

Ìwé pélébé kan ni ìtọ́sọ́nà náà. Nígbà tí a wọṣẹ́, gbogbo wa la fọwọ́ sí i pé a ti kà á, a sì gbàgbé rẹ̀. Abẹ́ fáànù ní yàrá ìròyìn ni mo ti fa ẹ̀dà kan yọ, ibi tí wọ́n fi í sí kí fáànù má baà mì. Mo gbọn eruku rẹ̀, mo ń ṣí i, mo sì rí i: ẹni tí a fẹ̀sùn kàn gbọ́dọ̀ ráyè fèsì kí ìròyìn tó jáde, bí ó bá ti kú, kí olóòtú wá ẹbí rẹ̀ lọ.

Mo gbé e lọ bá ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Adéṣínà.

"Kọ̀wé sí i pé a ò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀."

"Ọ̀gá, òun ló wà lọ́wọ́ mi yìí."

"Ṣé o mọ̀ pé orúkọ tìẹ ló máa kọ́kọ́ bàjẹ́?"

"Mo mọ̀, sà."

"Ó dáa, má fèsì rárá. Tó bá rẹ̀ ẹ́, á gbàgbé."

Kí n sọ òótọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ dùn mọ́ mi nínú. Ó ti fún mi ní ibi tí mo lè sá pamọ́ sí. Mo ṣe ẹ̀dà ojú ìwé náà, mo tì í sínú dúrọ́ọ̀, n kò sì fèsì.

Ní ọjọ́ kẹfà, Ìyá Mọnsúrá wá fúnra rẹ̀. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, aṣọ iṣẹ́ iléeṣẹ́ bisikíìtì ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Mo ní kí n wá wo ibi tí lẹ́tà mi dé."

Mo lè ní kó padà wá lọ́la. Ẹnu mi kò gbà á. Mo ṣí dúrọ́ọ̀, mo gbé ìwé náà lé e lọ́wọ́. Ó ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ta ló yẹ kó wá ẹbí lọ, sà?"

"Èmi ni, mà."

Ó wò mí. Mo ń retí èébú. Èébú ì bá rọrùn fún mi.

"Mo wà nílé lọ́jọ́ náà," ló wí. "Ẹnikẹ́ni tí ẹ bá bi ní àdúgbò ni ì bá mú yín wá."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí."

"Ibi tí ẹ ti sọ ti àkọ́kọ́ ni kí ẹ ti sọ ọ́."

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo pe agbẹnusọ yẹn padà. Nígbà tí mo bi í ta ló rí sìgá náà, ó ní wọ́n kàn sọ fún òun ni. Mo kọ àtúnṣe. Ọ̀gbẹ́ni Adéṣínà fún mi ní kúẹ́rì nítorí ìwé tí mo fi síta láìgbàṣẹ, ìgbéga tí mo ń retí kò sì dé mọ́. Ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò iléeṣẹ́ wa là á yé ọ̀gá pé obìnrin náà lẹ́tọ̀ọ́ lábẹ́ òfin láti rí ìwé náà, ọ̀gá sì gbà kí àtúnṣe náà jáde.

Mo tọrọ àyè lọ́wọ́ Ìyá Mọnsúrá láti gbọ́ ọ nínú yàrá tí òun àti ọmọ rẹ̀ ń gbé ní Ìsọlọ̀. Ní agogo mẹ́rin, a gbọ́ ọ: a kò ní ẹ̀rí kankan pé Ọ̀gbẹ́ni Múfútáù Àjàní ló fa iná náà; a kò bá ẹbí rẹ̀ sọ̀rọ̀; a tọrọ àforíjì. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Ìpolówó ọṣẹ tẹ̀ lé e.

"Wọ́n pe orúkọ rẹ̀ dáadáa," ni Ìyá Mọnsúrá wí, ó pa rédíò.

Mọnsúrá gbójú sókè. "Màmá, àwọn ọmọ kíláàsì mi ti lọ ṣeré. Wọn ò gbọ́ ọ."

Mo bọ́ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo pe yàrá ìròyìn, mo ní kí wọ́n tún un kà láàárọ̀ ọ̀la, nígbà tí àwọn ọmọ bá ń wọ aṣọ iléèwé. Èèyàn mẹ́ta ni mo bẹ̀ kí wọ́n tó gbà. Wọ́n kà á.