Ewé Tó Ti Mọ Oòrùn

Èmi kì í ṣe ẹni tí ń rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀. Bí mo bá ṣe ohun tó dára, mo máa ń sọ ọ́ síta. Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, àṣìṣe ni mo fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Ọdún méjì gbáko ni mo fi ń wá bí ewé ṣe ń ké gbàjarè. Àwọn nǹkan tíntìntín kan wà nínú ewé tó ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn se oúnjẹ, kúlóróplásìtì ni à ń pè wọ́n. Bí oòrùn bá pọ̀ jù fún wọn, ọ́síjìn tó ya jàgídíjàgan á bẹ̀rẹ̀ sí í ba nǹkan jẹ́ níbẹ̀. Wọ́n á wá ránṣẹ́ sí àárín sẹ́ẹ̀lì, níbi tí àṣẹ ti ń jáde, pé wàhálà dé o. Ibẹ̀ náà á sì fi ìrànlọ́wọ́ ránṣẹ́. Iṣẹ́ tí wọ́n ń rán yìí ni mo fẹ́ rí. Ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ ata tí mo bá gbé láti abẹ́ iná yàrá àyẹ̀wò sínú oòrùn ló ń funfun, tó ń kú, kí n tó rí ohunkóhun. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń tọ́ mi sọ́nà kò fi bọpo bọyọ̀: bó bá tún bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n gbàgbé oyè ọ̀mọ̀wé lórí iṣẹ́ yìí.

Ìbínú yẹn ni mo gbé wálé sí Odò-Ọwá nígbà ọdún Àjíǹde. Màmá mi ti gbin ọmọ ata sí ẹ̀yìnkùlé, ó fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ìbòòji lé e lórí. Lọ́jọ́ Sátidé, ó bá àwọn ìyá ìjọ lọ gbá ṣọ́ọ̀ṣì. Mo wò ó pé ata náà ti tó kó lọ sóko, mo bá ràn án lọ́wọ́: gbogbo imọ̀ pátá ni mo kó kúrò lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tó máa fi di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ewé ti funfun, ó ti rọ. Màmá mi ká ọwọ́ lérí.

“Ulé ùwé ni án ti kọ́ ọ báyìí?”

Ojú tì mí pé ó fi ilé ìwé bú mi. Èmi tí mò ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ewé! Ó ní wọn kì í ṣí i lẹ́ẹ̀kan. Imọ̀ kan lónìí, òmíràn lọ́túnla, kí oòrùn máa tà á díẹ̀díẹ̀. Ó wá nawọ́ sí ìlà kan létí ebè, tó ṣì tutù yọ̀yọ̀. Ewúrẹ́ ti jẹ imọ̀ ibẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, oòrùn sì ti ń yọjú sí i.

“Èyí ti mọ oòrùn,” ló wí.

Mo lóṣòó ti ìlà náà, ó wá yé mi. Àwọn ewé etí ebè yẹn ti ránṣẹ́, wọ́n sì ti rí ìrànlọ́wọ́ gbà, kí oòrùn ńlá tó dé. Èmi kàn ń ti tèmi sínú oòrùn lójijì ni.

Mo bá a gbin ata mìíràn kí n tó padà síléèwé. Ibẹ̀ ni mo ti fi àwọ̀n bo tèmi, mo ń ṣí i ní ìpele ìpele. Kò sí èyí tó kú. Mo sì rí iṣẹ́ tí wọ́n ń rán, kedere, ní gbogbo ìgbà tí mo bá ṣí àwọ̀n kan.

Lọ́jọ́ tí mo máa gbèjà iṣẹ́ mi, ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà kan láti yunifásítì mìíràn béèrè ìwé tí mo ti rí ọ̀nà yìí. Ǹ bá sọ pé orí mi ló ti wá, ta ni yóò já irọ́ mi? Mo ní, “Kì í ṣe inú ìwé, sà. Ọ̀dọ̀ màmá mi ni, àgbẹ̀ ni wọ́n.” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Òun kò rín. Ó ní kí n kọ ọ́ síbi tó yẹ, pẹ̀lú orúkọ màmá mi ní pípé.

Wọ́n fún mi lóyè. Nígbà tí mo gbé ìwé tí mo kọ iṣẹ́ náà sí délé, mo ṣí ojú ewé tí orúkọ màmá mi wà, láàárín orúkọ àwọn ọ̀mọ̀wé ńláńlá, mo kà á fún un. Ó fi ìka sí i. Ó ní kí n tún un kà, kí n kà á sókè dáadáa, kí ará ilé kejì lè gbọ́.