Ìyá Ẹgbẹ́ Yàrá 212

Àrìnpé Ògúnwálé ni orúkọ rẹ̀, oúnjẹ ọ̀sán ló sì ń bù fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Castle Hill, ní Bronx. Ó ti lo ọdún mọ́kàndínlógún nídìí iṣẹ́ náà. Kì í kọ orúkọ ọmọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ẹni tó jẹun, ó sì mọ ẹni tí kò jẹ.

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe mọ̀ pé ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Doyin kò wá gba àwo. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Doyin, ó mọ bí a ti ń kí àgbà, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò pọ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, Àrìnpé bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó wá a lọ sídìí àtẹ̀gùn. Ọmọ náà kò kọ́kọ́ fẹ́ sọ. Nígbà tó máa sọ ọ́, ó dà á sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Òun ti jẹ́ kí àwọn ẹlẹgbẹ́ òun mọ̀ pé obìnrin bíi tòun ni ọkàn òun ń fà sí. Hakeem, tí wọ́n jọ wà ní kíláàsì, wá ń pariwo lórí ìlà oúnjẹ pé àwo tí Doyin bá fọwọ́ kàn, kí ẹnikẹ́ni má gbé e, nítorí ó ń ràn. Àwọn kan ń rẹ́rìn-ín. Àwọn kan sì ń gbé àwo sílẹ̀ lóòótọ́. Ni Doyin bá fi oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn.

Ibì kan ṣoṣo ló kù tí ọkàn rẹ̀ ti ń balẹ̀, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọmọ bíi tirẹ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn, tó ń pàdé ní yàrá 212 ní ọjọ́ Ẹtì. Brenda, olùkọ́ tó ń bójú tó wọn, sì ti fi ẹsẹ̀ dá, kò lè wá. Òfin ilé ẹ̀kọ́ ni pé òṣìṣẹ́ kan gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ kankan kò bá sí níbẹ̀ ní aago mẹ́ta ọ̀la, wọn yóò gba yàrá, ẹgbẹ́ yóò sì tú ká.

“Ẹ kàn wá jókòó ni, mà,” ni Doyin wí. “Ẹ ò ní ṣe nǹkan kan.”

Àrìnpé gbọ́ ọ dáadáa, ṣùgbọ́n kò gbà á. Ogójì ọdún ló ti fi ṣe ẹgbẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì, láti Iléṣà títí dé Bronx, kò sì rí ẹgbẹ́ kan rí tó pe àgbàlagbà obìnrin pé kó wá jókòó lásán. Ìyá Ẹgbẹ́ ni wọ́n fẹ́ fi òun jẹ. Ojú ló ń ti ọmọ náà láti sọ bẹ́ẹ̀.

Susan, tí wọ́n jọ ń bu oúnjẹ, tí wọ́n sì jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, bi í bóyá ó mọ irú ẹgbẹ́ tó jẹ́. Ó ní òun mọ̀ ọ́n. Susan bi í pé kí ni wọn yóò wí ní ṣọ́ọ̀ṣì.

“Ohun tó bá wù wọ́n ni kí wọ́n wí,” Àrìnpé dáhùn. “Ọmọ yẹn kò tíì jẹun níbí láti ọjọ́ Ajé.”

Ní ọjọ́ kejì, Susan ló bá a gbé abọ́ àkàrà gòkè.

Ọmọ méjìlá ló wà nínú yàrá náà, ọmọ Dòmíníkà, ọmọ Jàmáíkà, ọmọ Bangladesh. Doyin nìkan ni Yorùbá. Wọ́n rí obìnrin kan tó wé gèlè pupa, tó dúró láàárín wọn, tó sì dúpẹ́ oyè tí wọ́n fi dá a lọ́lá.

Àrìnpé béèrè akọ̀wé. Kò sí. Ó fi ọmọ Bangladesh kan jẹ ẹ́ nítorí pé bírò wà létí rẹ̀. Ẹni tó ga jù di agbẹnusọ. Ẹni tó pẹ́ dé di olùtọ́jú àga. Àwọn ọmọ kọ́kọ́ ń wo ojú ara wọn, lẹ́yìn náà wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà wọ́n ń nawọ́ kó má baà gbàgbé àwọn. Kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, ọmọ méjìlá ti joyè méjìlá, àkàrà sì ti tán.

Ó wá béèrè ta ló ní ẹjọ́. Nínú ẹgbẹ́ tirẹ̀, wọn kì í túká láìgbọ́ ẹjọ́ ọmọ ẹgbẹ́. Doyin dìde, ó rò ó. Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀: ọjọ́, wákàtí, ọ̀rọ̀ tí Hakeem sọ gan-an, àwọn mẹ́ta tó gbọ́ ọ. Àrìnpé rọra fọwọ́ sí i.

Aago mẹ́ta lù, Ọ̀gbẹ́ni Titus, igbákejì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, sì wọlé pẹ̀lú fọ́ọ̀mù tó fẹ́ kọ orúkọ òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ sí. Ó bi Àrìnpé pé kí ni ipò rẹ̀ níbẹ̀.

“Ìyá Ẹgbẹ́ ni mí.”

Ó wo fọ́ọ̀mù náà lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. Doyin pe lẹ́tà oyè náà fún un lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì kọ ọ́. Ẹgbẹ́ kò tú ká mọ́. Àrìnpé wá fún un ní ìwé akọ̀wé. Ó kà á, ó fa àga, ó jókòó. Ó ní òun yóò pe Hakeem àti bàbá rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé. Àrìnpé béèrè aago mélòó. Ó ní aago mẹ́jọ. Akọ̀wé kọ ìyẹn náà.

“Èmi náà ní àbá kan,” ni Doyin wí. “Ní ọjọ́ Ajé, èmi ni kí n máa pín àwo. Gbogbo àwo.”

Ẹ̀rín bú nínú yàrá náà. Ọ̀gbẹ́ni Titus fi fọ́ọ̀mù bo ẹnu jáde.

Adìyẹ ni oúnjẹ ọjọ́ Ajé. Ọmọ méjìlá dúró nídìí àwo, wọ́n fi àwọ̀n bo irun, wọ́n wọ ìbọ̀wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ jẹun, ọwọ́ Doyin ni yóò ti gba àwo. Wọ́n gbà á. Ebi ń pa wọ́n, òórùn adìyẹ sì ti gba ibẹ̀ kan.

Hakeem ló kẹ́yìn. Òun àti bàbá rẹ̀ ti dé iwájú Ọ̀gbẹ́ni Titus ní aago mẹ́jọ, kò sì gbé ojú sókè.

“Doyin, má bínú,” ló wí jẹ́jẹ́.

Doyin nawọ́ àwo sí i. Ó gbà á. Hakeem kí Àrìnpé, Àrìnpé sì bu itan fún un, nítorí itan ló kù.

“Dúró kí n wò ẹ́,” ni agbẹnusọ ẹgbẹ́ wí fún un. “Ṣé ó ti ràn ẹ́?”

Gbogbo ìlà rẹ́rìn-ín. Hakeem náà kò lè pa tirẹ̀ mọ́ra.

Doyin gbé àwo tirẹ̀, ó jókòó, ẹgbẹ́ yí i ká. Wọ́n fa àga fún Àrìnpé. Ó jókòó, ó ń wo àwo Doyin.

“Ohun tí mo bẹ̀ yín nìyí, mà,” ni Doyin wí, ó ń jẹun lọ. “Kẹ́ ẹ kàn jókòó.”

“Màá jókòó títí wàá fi jẹ ẹ́ tán.”

Doyin jẹ ẹ́ tán, ó fa eegun mu. Àrìnpé dìde, ó gbé àwo náà, ó sì bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.