Sórí Gíláàsì

"Má fi ọwọ́ gbígbóná kàn án!"

Kí n tó fa ọwọ́ sẹ́yìn, ìyá ìyá mi ti gbá a. Ìbẹ́pẹ gígé ló wà nínú abọ́ níwájú wa, ó ń dán, òórùn rẹ̀ sì ń ta sánsán. Mo ki ọwọ́ bọ omi tútù bí ó ti kọ́ mi, mo sì jókòó pa dà. Ẹ̀yìn ilé ìdáná òyìnbó kan la wà ní Lomé, níbi tí a ti ń gbọ́ ariwo òkun. Àwọn Faransé ló ń ṣàkóso ìlú nígbà náà. Mo lè tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Iṣẹ́ ìyá àgbà ni kí ó gé èso fún ilé náà, kí èso náà sì dà bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé nígbà tí wọ́n bá máa jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kejì. Kì í fi ọ̀bẹ irin gé e, ó ní irin ń sọ ara èso di dúdú. Ọ̀bẹ ọparun ni tirẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ. Á ní "Bísímílááhì", á gé ìbẹ́pẹ àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, á rì wọ́n sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ tó bu iyọ̀ díẹ̀ sí, á wá tẹ́ wọn sórí aṣọ funfun kí omi ro kúrò lára wọn. Lẹ́yìn náà ni yóò tò wọ́n sínú abọ́, tí yóò fi ewé bò wọ́n, ó di inú àpótí òtútù. Àpótí onígi ni, wọ́n fi páànù tẹ́ inú rẹ̀, omi dídì á wà nísàlẹ̀, abọ́ èso á wà lókè. Alásè ilé náà, ará Aného tó ń sọ èdè Mínà, ló máa ń bójú tó àpótí yìí. Tsíkpé ló ń pe omi dídì, àwa náà sì ń pè é bẹ́ẹ̀.

Ilé náà ń bà mí lẹ́rù gan-an. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, ọ̀gá ilé ní kí ológbà gé ẹ̀ka igi kan. Ológbà rí i pé ẹ̀ka kejì ló ti gbẹ, ó gé ìyẹn. Àwọn ẹ̀ṣọ́ onífìlà pupa mú un lọ, a ò sì tíì rí i. Látìgbà yẹn, bí bàtà bá ti dún lọ́dẹ̀dẹ̀, mo ti sá sẹ́yìn ìyá àgbà.

Ìyá àgbà ti kìlọ̀ fún mi pé, "Ohun tí wọ́n bá ní ká ṣe níbí ni ká ṣe. Ọgbọ́n tiwa, ká fi í sílé."

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, alásè ti lọ sìnkú ní Aného. Àlejò pàtàkì kan ń bọ̀ láti inú ọkọ̀ òkun, yóò jẹun ọ̀sán níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Bí a ti ń tẹ́ èso sórí aṣọ lọ́wọ́ ni ìyàwó ọ̀gá yọ sẹ́nu ọ̀nà. Kò bá wa sọ̀rọ̀ rí. Ó yára sọ nǹkan kan, ó sì wọlé.

"Kí ló wí?" Ìyá àgbà kọjú sí mi, torí mo ti lo oṣù díẹ̀ nílé ìwé Faransé. Kí n má parọ́, ìkíni bọ́ńsúù àti sà fà nìkan ni mo gbọ́ dájú nínú èdè náà.

"Ó ní ká kó èso sórí gíláàsì."

"Sórí gíláàsì? Kì í ṣe inú àpótí?"

"Gíláàsì ló pè, Ìyá Àgbà. Mo gbọ́ ọ ketekete."

Mi ò gbọ́ ọ ketekete. Inú mi ló ń dùn pé mo di ògbufọ̀. Ìyá àgbà wo ilẹ̀kùn tí obìnrin náà gbà wọlé, ó wo igi tí ológbà gé. Ó wá mú àwo gíláàsì ńlá méjì láti inú kọ́bọ́ọ̀dù, ó to èso sórí wọn, ó fi ewé bò wọ́n, ó gbé wọn sórí tábìlì.

Nígbà tí a dé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, alásè ti pa dà dé, ó ti wà nídìí iṣẹ́. Ìyá àgbà ṣí ewé. Òórùn kíkan bí ẹmu àná kọlù mí níbi tí mo dúró sí. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó ti ń hó, ìbẹ́pẹ ti rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀ nínú omi ara rẹ̀. Alásè ṣí àpótí òtútù, kò sí nǹkan kan lórí omi dídì.

"Màmá, ta ló ní kẹ́ ẹ fi í síta?"

Ìyá àgbà yíjú sí mi. "Fi ẹnu òyìnbó yẹn sọ ọ́ fún mi."

"Síù la gílásì," ni mo wí.

Alásè ká ọwọ́ lérí. "Yé! Tsíkpé ni! Tsíkpé ni Faransé ń pè ní gílásì!"

Ọ̀rọ̀ gíláàsì tí àwọn èèyàn wa kó wá láti ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń jọba lé lórí ni mo fi gbọ́ Faransé. Bàtà dún lọ́dẹ̀dẹ̀. Ìtọ̀ bọ́ lára mi. Alásè fẹ́ nàka sí mi, ìyá àgbà di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì tì mí sẹ́yìn ara rẹ̀.

"Sọ fún ìyàwó ọ̀gá pé arúgbó ni mí. Etí mi ọ̀tún ni kò gbọ́ dáadáa. Ọmọ yìí kò sí níbẹ̀."

Kí oòrùn tó dé àtàrí, àwọn onífìlà pupa ti dé. Ìyá àgbà fi ọ̀bẹ ọparun lé mi lọ́wọ́. "Má sáré o," ló wí. "Rọra máa rìn lọ sílé."

Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi bá àwọn ẹlẹ́wọ̀n ro ẹ̀gbẹ́ títì. Bí mo bá lọ wò ó lókèèrè, á kọ̀yìn sí mi, kí n má baà sún mọ́ ọn. Nígbà tó dé, ọwọ́ rẹ̀ ti wú, kò sì gé èso fún ilé òyìnbó mọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá bi í léèrè, etí ọ̀tún ló máa ń dá lẹ́bi. Nígbà tó yá, gbogbo ilé ń pariwo sí i létí ọ̀tún, á yí tòsì sí wọn, á ní, "Kí lẹ wí?" Ojú ń tì mí, èmi náà sì ń pariwo. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ṣe é.

Ìgbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀ ni mo tó sún mọ́ etí ọ̀tún náà. Mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Ìyá Àgbà, èmi ni mo ṣì í gbọ́."

Kò la ojú. "Mo gbọ́," ló wí.

Firíìjì wà nílé mi báyìí. Mo ṣì ń rì èso gígé sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́, mo sì máa ń gbóòórùn rẹ̀ láàárọ̀ kí n tó jẹ ẹ́. Bí ọmọ bá jíṣẹ́ fún mi, mo máa ń ní kí ó fi ẹnu ẹni tó rán an sọ ọ́. Bí ó bá sì ti ṣì í, tí àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó bíi pé kí wọ́n nà án, mo máa ń ní etí mi ni kò gbọ́ dáadáa. Àwọn ọmọ mi ti ń pariwo bá mi sọ̀rọ̀ báyìí.