Ọjọ́ Tí Mo Ní Kí Okun Dákẹ́

Òórùn gaàrí tó ń gbẹ lórí iná ló máa ń jí mi ní Kàbà, kí àkùkọ tó rántí iṣẹ́ rẹ̀. Iye, ìyẹn ìyá mi, á ti jókòó ti agbada, èéfín á bò ó lójú, á máa fi àfọ́kù igbá yí gaàrí lọ, yí i bọ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tán, á wẹ̀, á lọ kọ́ ọmọ ọlọ́mọ níwèé. Bó bá dé, oko ni. Bó bá ti oko dé, ìpàdé àwọn obìnrin ìjọ ni, nítorí òun ni olórí wọn.

Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Kàdúná, ìgbà Kérésì la máa ń rí i. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa kì í ṣe ọ̀dẹ̀dẹ̀ mọ́. Ìkòkò ńlá ìjọ wà níbẹ̀, àga ìjọ wà níbẹ̀, àpò kaṣú àwọn ará Ògìdì tí wọn ò rí ọkọ̀ gbé náà wà níbẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ la fi ń rìn wọlé sùn.

Gbogbo ẹni tó ń kọjá ló ń kí i. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ dàgbà lọ́dọ̀ wa mọ̀ ọ́n: "Okun o" la fi ń kíni láàárọ̀, òun la fi ń kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, òun la fi ń kí ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́. Ní ti Iye, ìkíni náà máa ń ní ìrù. "Okun o, bá mi gbé abọ́ yìí sílé." "Okun o, ọmọ mi ò tíì mọ̀wé kà, bá mi wò ó." Iye ò ní lé ẹnì kankan.

Tẹ́lẹ̀, ó máa ń fi ohùn kékeré kọrin ìyìn nídìí agbada. Lọ́dún tí mo ń sọ yìí, orin náà tán lẹ́nu rẹ̀. Kò bínú, kò ṣàìsàn; ó kàn máa ń wò wá bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ bèèrè. Ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo rò pé bí orin ṣe lọ yẹn, Iye ló kù tó máa lọ.

Agùnbánirọ̀ kan láti ìhà Ọ̀yọ́ ló ń kọ́ wa nílé ìwé ọjọ́ ìsinmi. Ó sọ bí Jésù ṣe sùn sínú ọkọ̀ ojú omi, tí ìjì dé, táwọn èèyàn ń pariwo lé e lórí. Jésù dìde, ó ní kí òkun dákẹ́, gbogbo rẹ̀ sì pa rọ́rọ́. Èmi tí mi ò rí omi tó ju odò tá a ti ń rẹ ẹ̀gẹ́ lọ, níbo ni mo ti fẹ́ mọ òkun? Mo gbọ́ pé ohùn agùnbánirọ̀ náà wálẹ̀ díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yẹn, ṣùgbọ́n èwo nínú ọ̀rọ̀ wa ni kì í yí padà lẹ́nu àwọn ará Ọ̀yọ́? Mo gbà pé "okun" tiwa ni. Wọ́n ń kí Jésù jù, wọn ò jẹ́ kó sùn.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà. Iye Rúùtù, ìyá arúgbó tó ń gbé nítòsí wa, gbé ọpọ́n rẹ̀ dé. "Okun o!" Mo na ọwọ́ méjèèjì dí ọ̀nà. "Jésù ní kí okun dákẹ́!"

Ọmọ tí kò jẹ́ kí wọ́n kíni, ní Kàbà! Iye Rúùtù sọ ọpọ́n kalẹ̀. "Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ tíṣà ń wí o!"

Iye sáré jáde, ìyẹ̀fun gaàrí wà níwájú orí rẹ̀. Mo fi ẹkún ṣàlàyé Jésù, agùnbánirọ̀ àti orin tó tán. Iye bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi fara ti àpò kaṣú, kí n tó mọ̀, ó ti ń sunkún. Ó fà mí mọ́ra, ó sọ ohun tí òkun jẹ́ fún mi. Ó wá ní, "Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n. Okun tèmi náà, ó yẹ kó dákẹ́ díẹ̀." Iye Rúùtù gbé ọpọ́n rẹ̀ padà lọ, ó ní òun á wá ibòmíì gbé e sí.

Láti ọjọ́ kejì, kí Iye tó dáná, á dojú odó délẹ̀ láàárín ẹrù, á ti ilẹ̀kùn, á jókòó lé odó náà. Àdúrà rẹ̀ ò gùn. "Olúwa, okun mi rèé. Bá mi sọ fún un." Á wá dákẹ́. Wọ́n á máa kí i láti ìta, kò ní dáhùn títí á fi dìde. Ẹrù ò dín lọ́dẹ̀dẹ̀ wa o. Àmọ́ nígbà tó yá, mo gbọ́ orin náà nídìí agbada láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mo dijú bí ẹni tó ń sùn, kó má baà dáwọ́ dúró.

Àbújá ni mo wà báyìí, èmi náà ti di olórí oríṣiríṣi ẹgbẹ́. Mo ti rí òkun l'Ékòó, kò dákẹ́ fún mi. Fóònù mi kì í dákẹ́ pẹ̀lú. Inú àdúrà gan-an ni mo ti ń yọjú wò ó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Iye pè.

"Okun o."

"Okun o, Iye. Ọwọ́ mi dí, màá pè padà."

Kò pa fóònù. "Ṣé o ti jókòó lónìí?"

Mo ní àyè ibẹ̀ ò tíì yọ.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ta ló wá kọ́ mi láti jókòó?"

Mo wo àga, aṣọ tí mi ò tíì ká ló kún orí rẹ̀. Mo dojú bọ́kẹ́ẹ̀tì ìfọṣọ délẹ̀, mo jókòó lé e. Mo ní, "Olúwa, okun mi rèé." Mo ṣì fi fóònù sétí. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, mo gbọ́ ohùn kékeré yẹn láti Kàbà, ó ti ń kọrin. Mo dijú, kó má baà dáwọ́ dúró.