Orúkọ Tí Wọ́n Fi Ti Ilẹ̀kùn

Ọmọbìnrin kẹrin ni Stanka jẹ́ nílé bàbá rẹ̀, ní abúlé wa láàrin àwọn òkè Sébíà, níbi tí igi plọ́ọ̀mù ti pọ̀ ju ènìyàn lọ. Ọkùnrin ni bàbá rẹ̀ ń retí. Lọ́dọ̀ tiwa, bàbá ìsàmì ló ni orúkọ ọmọ. Òbí kì í dá sí i. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì ni bàbá ọmọ ti ń gbọ́ ọ bí ará yòókù. Obrad, bàbá ìsàmì ìdílé wọn, dúró níwájú àlùfáà, ó ní, "Stanka." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó tó, kó dúró. Kì í ṣe ọmọ náà ni wọ́n ń bá wí. Àwọn obìnrin tó lè tẹ̀lé e wá ni.

Oyún tó tẹ̀lé e, ọkùnrin ni.

Orúkọ àtijọ́ ni. Ó wà lára òkúta ibojì lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, lára èyí tí òjò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ lẹ́tà rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí wọ́n bí ọmọkùnrin yẹn ló tún gbayì. Nígbà tí mo wà ní kékeré, bí o bá pe Stanka létí kànga, orí mẹ́ta ni yóò yí.

Tiwa yìí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Òun ló ń yan plọ́ọ̀mù gbẹ fún ìdajì abúlé. Ó máa ń fi àtàǹpàkò tẹ ẹ́ láti mọ èyí tó ti tó. Bí òjò bá pọ̀ jù nígbà ìkórè, àwọn ọkùnrin á ní kí wọ́n lọ pe Stanka wá kó dá a dúró. Ní gbogbo ọjọ́ ọdún ẹni mímọ́ tó ń ṣọ́ ìdílé wọn, bàbá rẹ̀ á gbé ọwọ́ lé ọmọkùnrin rẹ̀ lórí, á ní Stanka ló ti ilẹ̀kùn mọ́ obìnrin kí èyí tó ráyè wọlé. Stanka á bá wọn rẹ́rìn-ín, á sì lọ bu wáìnì sí i.

Ó lọ́kọ, ó bí ọmọ kan ṣoṣo, Dragutin. Gordana, ìyàwó Dragutin, bí obìnrin, ó tún bí obìnrin, ó tún bí ẹ̀kẹta. Gbogbo wa la mọ ohun tí Miloje máa sọ. Ọmọ Obrad ni, òun ló jogún ìsàmì lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Àwọn obìnrin ń kí Stanka pé orúkọ rẹ̀ ni ọmọ-ọmọ rẹ̀ máa jẹ́, pé oríire ńlá ni. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó di plọ́ọ̀mù gbígbẹ sínú aṣọ, ó sọdá odò lọ sílé Miloje.

Èèwọ̀ ni kí ènìyàn lọ tọrọ orúkọ lọ́wọ́ bàbá ìsàmì. Ìdílé ti tìtorí rẹ̀ tú ká. Miloje bu ọtí fún un, ó ń wojú rẹ̀.

"Bàbá ìsàmì, a kì í sọ orúkọ fún yín. Èmi náà ò ní sọ ọ́."

"Kí lẹ wá bá wá, ìyá Dragutin?"

"Orúkọ tèmi ni mo bá wá. Bí wọ́n bá pè mí, àbúrò mi ni wọ́n ń pè. Ogun ti pa á láti ọjọ́ yìí, síbẹ̀ òun náà ni wọ́n ń pè."

Miloje ń yí ife lórí tábìlì. "Ilé là ń wò ká tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé Dragutin ò ní ọkùnrin."

"Ilé ni bàbá yín wò," ni Stanka wí. "Wọn ò wo ọmọ."

Miloje béèrè ẹni tó máa dá Dragutin lóhùn bí obìnrin ò bá dúró. Stanka ní kó rán an sí òun. Miloje kò ṣèlérí kankan. Stanka fi plọ́ọ̀mù sílẹ̀, ó padà sílé.

Lọ́jọ́ ìsàmì, ìyá ọmọ kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọmọdé ló ń sáré gbé orúkọ wá fún un, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé á gba owó ẹyọ. Stanka bá Gordana jókòó nídìí ààrò. Èmi náà wà níbẹ̀. Ọmọ mi obìnrin ló ṣáájú.

"Rada," ló wí. Èémí ò jẹ́ kó lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìtumọ̀ Rada ni pé inú wa dùn sí i. Gordana di owó mọ́wọ́, ó gbàgbé láti fún ọmọ. Stanka ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún un.

Dragutin wọlé tòun ti fìlà lórí. "Màmá, kí lẹ sọ fún bàbá ìsàmì?"

"Orúkọ mi."

Àwọn àgbà wa ní bàbá ìsàmì kì í ṣe bọ́tìnnì tí a lè já dànù, nítorí náà Miloje ni Dragutin kọ́kọ́ bu ọtí fún, ṣùgbọ́n kò wojú rẹ̀. Kò sì bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ títí plọ́ọ̀mù fi pọ́n, tí iṣẹ́ wá ju agbára ẹnì kan lọ.

Ọmọ kẹrin, obìnrin náà ni. Àwọn kan ní Miloje ló fà á. Miloje sọ ìyẹn ní Mila, ẹni ọ̀wọ́n. Dragutin fúnra rẹ̀ ló gbé e ti ṣọ́ọ̀ṣì wálé, ó ń pe orúkọ náà jẹ́jẹ́ bọ̀ lójú ọ̀nà.

Nígbà ìkórè tó kọjá la sin Stanka. Rada ló di àbẹ́là mú. Àlùfáà pe orúkọ olóògbé, mo sì wẹ̀yìn wo orí tó máa yí, bí mo ṣe máa ń ṣe létí kànga nígbà èwe mi. Kò sí orí tó yí.