Igi tí Káfíńtà Dè Mọ́ Orúnkún

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Káfíńtà. Ilẹ̀kùn ni iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá wọ ilé yín, kò ní wo ìjókòó. Ilẹ̀kùn ni yóò kọ́kọ́ tì síwá-sẹ́yìn, tí yóò dẹ etí sí irin tó fi ń yí. Bí irin bá ti dún, á ní, "Ẹ rọra máa ṣí i o. Irin yìí ti ń jẹ. Bẹ́ ẹ bá ṣe ń yí i tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe tètè já tó."

Òfin yìí ló gbé wá bá orúnkún ara rẹ̀. Orúnkún ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún lórí àtẹ̀gùn, ó ń wú, ó ń le gbagidi láàárọ̀. Nílé ìwòsàn, wọ́n ya fọ́tò egungun rẹ̀, wọ́n ní nǹkan rírọ̀ tó wà láàárín egungun méjèèjì ti fẹ́lẹ́, kó máa wá sí yàrá eré ìdárayá. Kò lọ. Ó fá pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ méjì, ó fi aṣọ rírọ̀ tẹ́ inú wọn, ó sì fi bẹ́líìtì dè wọ́n mọ́ ẹsẹ̀ kí orúnkún má baà yí mọ́. Iṣẹ́ náà mọ́ lójú. Èmi gan-an yìn ín.

Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló ń gbé. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ilé kan náà. Látìgbà tó ti de igi yẹn, kò sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ó ń jókòó lójú fèrèsé, ó ń gbọ́ ayùn àwọn ẹlòmíràn. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, èmi ni mò ń gbé oúnjẹ lọ fún un. Ojoojúmọ́ ni mò ń kúnlẹ̀ bẹ Ọlọ́run nítorí orúnkún ẹni tí kò lè kúnlẹ̀. Mo gbà pé Ọlọ́run ń gbọ́. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, bí mo bá ti ń dìde, a máa ṣe mí bí ẹni tó ti ń dá sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kan mo bá a nílẹ̀. Omi ló fẹ́ bù tó fi ṣubú. Ẹsẹ̀ tó dè nà gbọnrangandan, kò lè ká a láti dìde. Ó di ọwọ́ mi mú bí ọmọdé.

"Àbúrò mi, ṣé ibí ni mo máa kú sí, tí ṣọ́ọ̀bù mi wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ yẹn?"

Mo fà á dìde. Mo lọ bẹ obìnrin tó ń fi eré ìdárayá tọ́jú ẹsẹ̀ nílé ìwòsàn pé kó bá mi délé. Nọ́ọ̀sì Dìde-Jókòó ni àwọn arúgbó ń pè é, nítorí ohun tó máa ń ní kí wọ́n ṣe nìyẹn.

Nígbà tó dé, ó fọwọ́ pa igi náà. "Bàbá, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ bá mi kan tábìlì kan tó mọ́ báyìí."

Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín.

"Àmọ́ ẹ jẹ́ ká tú u."

Ẹ̀rín tán. "Ọmọ mi, irin tó ti jẹ, a kì í yí i."

Nọ́ọ̀sì tú u. Itan ọ̀tún ti rù, ó kéré sí ti òsì. "Irin ò lẹ́ran lára, bàbá. Ẹran itan yìí ló ń bá orúnkún ru ẹrù. Ẹ ti febi pa á. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́."

"Bó bá dùn mí ńkọ́?"

"Ó lè dùn yín díẹ̀. Bó bá ti rọlẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́, kò séwu. Bó bá wú, a ó dín in kù."

Mo bi í pé, "Ṣé yóò wá dà bíi tuntun?"

"Rárá o, màmá. Èmi kì í ṣe Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ó lè gbé wọn dé ṣọ́ọ̀bù."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: kó dìde lórí àga láìfọwọ́ tì í, kó jókòó pẹ̀lẹ́, kó na ẹsẹ̀ gbọọrọ, kó gun àpótí kúkúrú, kó sọ̀ kalẹ̀. Ó máa ń dijú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ gún lábẹ́rẹ́. Ó máa ń kígbe pé orúnkún tún dún. Síbẹ̀, itan bẹ̀rẹ̀ sí í kún.

Nígbà tó wá kan àtẹ̀gùn, Nọ́ọ̀sì dúró nísàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀. "Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé sọ̀ kalẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi wo ìsàlẹ̀. "Àbúrò, gbàdúrà."

Mo lanu. "Olúwa" nìkan ló jáde.

Ní agbedeméjì, orúnkún náà dún ketekete. Ó fọwọ́ méjèèjì há irin àtẹ̀gùn. "Ó ti fẹ́ já! Ẹ gbà mí o!" Kò lè lọ síwájú, kò lè padà. Nọ́ọ̀sì ò fọwọ́ kàn án. "Ẹ mí, bàbá. Ẹ mí."

Agbẹ́gilódò tó máa ń kó pákó wá fún un yọjú láti ṣọ́ọ̀bù. "Ọ̀gá, ṣé ẹ̀yin lẹ̀ ń bọ̀ ni, àbí kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n ń gbé sọ̀ kalẹ̀?"

"Oníranù! Dúró dè mí níbẹ̀!"

Ìbínú ló gbé ẹsẹ̀ náà. Ó sọ̀, ó tún sọ̀, títí ó fi wọ ṣọ́ọ̀bù, tó gbá tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ mú. Òógùn ń kán lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bojú wẹ̀yìn.

"Ta ni yóò gbé mi gòkè?"

"Ẹ̀yin náà ni," ni Nọ́ọ̀sì wí. "Ẹsẹ̀ tó dá ṣáṣá ni kó ṣíwájú."

"Lónìí?"

"Bẹ́ ẹ bá ti sinmi tán."

Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, mo tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Mò ń bẹ Ọlọ́run pé kó má ṣubú. Mo sì na ọwọ́ mi méjèèjì dè é.